Tíì dà sí láptọ́ọ̀pù: bí mo ṣe tún un ṣe

Bí ìdajì ife tíì onímílíìkì àti ṣúgà ló dà sórí kíbọ́ọ̀dù HP EliteBook 840 G3 kan. Iṣẹ́ tí mo ṣe lára rẹ̀ nìyí, àti ìdí tí mo fi ṣe é bẹ́ẹ̀.

Iná ni mo kọ́kọ́ gé, kí n tó nu ohunkóhun. Mo yọ ṣájà, mo tẹ bọ́tìnì tí à ń fi tàn án mọ́lẹ̀ títí ó fi kú, mo wá dojú rẹ̀ bolẹ̀ létí tábìlì kí tíì lè ro jáde níbi tó gbà wọlé. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá tilẹ̀ kú, iná bátìrì ṣì wà lára bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó tí gbogbo nǹkan inú ẹ̀rọ so mọ́. Ibi tí iná bá ti pàdé omi ni kọ́pà ti ń jẹrà, ẹsẹ̀ tín-ín-rín IC (àwọn ègé dúdú kéékèèké orí bọ́ọ̀dù) sì lè jẹ tán láàárín ọjọ́ kan. Mo tú ìdérí ìsàlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mo yọ bátìrì ńlá, mo sì yọ èyí kékeré tí ń tọ́jú aago.

Ẹni tó bá ní kí ẹ rì í sínú ìrẹsì, ẹ má dá a lóhùn. Omi nìkan ló ń gbẹ. Ṣúgà àti mílíìkì ò lọ síbì kankan. Wọ́n á lẹ̀ mọ́ abẹ́ IC, wọ́n á máa fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, pàápàá lásìkò òjò. Ìdí nìyẹn tí láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ní ó ti gbẹ fi lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó kú lójijì. Díráyà irun burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ńṣe ló ń ti omi wọ abẹ́ IC.

Mo ya fọ́tò bí mo ṣe ń tú u, mo to súkúrù sórí bébà bí wọ́n ṣe wà, torí súkúrù gígùn tí wọ́n bá dè sí ihò kúkúrú lè lu bọ́ọ̀dù. SSD, ibi tí fáìlì ń gbé, ò rí omi, nítorí náà mo fi í sínú ilé USB (àpótí tí à ń fi so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn), mo ṣe àdàkọ fáìlì inú rẹ̀ sórí díìsìkì mìíràn. Bọ́ọ̀dù ṣeé rà, fáìlì ò ṣeé rà.

Isopropyl 99% (ọtí ìfọ̀ tó máa ń gbẹ kíákíá) ni gbogbo ayé ń sọ pé kí a fi fọ̀ ọ́. Òótọ́ ni, àmọ́ ṣúgà kì í fẹ́ yọ́ nínú rẹ̀. Omi ló ń yọ́ ọ. Omi distilled (omi mímọ́ tí kò ní èròjà mìíràn nínú) tí àwọn oníbátìrì mọ́tò ń tà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ka ara ìgò dáadáa o, torí àwọn kan náà ló ń ta ásíìdì. Omi ẹ̀rọ àti omi kànga ò dáa, ohun tó wà nínú wọn á ṣẹ́kù sára bọ́ọ̀dù. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rírọ̀ gbo gbogbo ibi tí tíì dé, títí ọwọ́ ò fi lẹ̀ mọ́ ọn mọ́. Ìgbà náà ni mo wá da isopropyl gba abẹ́ IC, mo gbé bọ́ọ̀dù ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kó lè lé omi jáde, mo tún dà á. Bí 200 ml ló lọ sí i. Ẹ ṣí fèrèsé, kò sì gbọdọ̀ sí iná tàbí jẹnẹrétọ̀ nítòsí. Abẹ́ fáànù tábìlì ló ti gbẹ, fún wákàtí 24.

Kí n tó fún un níná, mo fi mítà tí à ń fi wọn iná wọ̀n ọ́n. Ẹsẹ̀ dúdú mítà wà lára ihò súkúrù, pupa lára kàpásítọ̀ (ègé kékeré tí ń tọ́jú iná díẹ̀) lórí ọ̀nà 19V, ọ̀nà tí iná ṣájà ń gbà wọlé, nítòsí ihò ṣájà. Ó ka 0 ohm: ṣọ́ọ̀tì, ìyẹn ni pé iná rí ọ̀nà ẹ̀bùrú gbà kọjá níbi tí kò yẹ. (Kọ́ìlì, wáyà tí wọ́n ká jọ, ní ẹ̀gbẹ́ CPU tó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀rọ lè ka ohm díẹ̀ péré, ìyẹn kì í ṣe àìsàn, ọ̀pọ̀ ló ti tìtorí rẹ̀ sọ pé CPU ti jó.) Mo fi power supply orí tábìlì (ẹ̀rọ tí ń fúnni ní ìwọ̀n iná tí a bá fẹ́) fún ọ̀nà náà ní 1V, mi ò jẹ́ kó kọjá 2A, mo ta isopropyl díẹ̀ sórí rẹ̀. Ibi tó kọ́kọ́ gbẹ ni ibi tó ń gbóná. Kàpásítọ̀ kan ni. Mo yọ ọ́, ṣọ́ọ̀tì lọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pọ̀ lórí ọ̀nà yẹn, ẹ̀rọ lè ṣiṣẹ́ láìsí i, síbẹ̀ mo fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, èyí tó gba 25V.

Tuntun ni mo fi rọ́pò kíbọ́ọ̀dù. Ike pẹlẹbẹ tí wọ́n tò lérí ara wọn ló wà nínú rẹ̀, tíì tó bá wọ àárín wọn ò ṣeé fọ̀ jáde, bọ́tìnì á wá máa tẹ ara rẹ̀. Ẹ má fi ògbólógbòó dán ẹ̀rọ wò. Kíbọ́ọ̀dù USB ni kí ẹ lò.

Mo fi paste (ìpara tí ń gbé ooru) tuntun sórí CPU, mo dá heatsink (irin tí ń fa ooru CPU) àti fáànù padà, mo fi RAM, mẹ́mọ́rì ẹ̀rọ, kan ṣoṣo sí i, kò sí bátìrì, ṣájà 19.5V nìkan. Ó tàn. Mo ti fọ ẹnu wáyà sìkìrín lápá méjèèjì ṣáájú, torí bó bá lọ́rinrin tí iná dé ibẹ̀, iná ẹ̀yìn sìkìrín lè jó.

Bátìrì ló kẹ́yìn. Kò wú, tíì ò sì wọ ẹnu rẹ̀, mo dá a padà. Bó bá ti wú, tàbí tí omi wọ inú rẹ̀, òmíràn ni kí ẹ rà. Ẹ má gún un, ẹ má sì jù ú sí ààtàn tí wọ́n ń sun.