Bí A Ṣe Ń Fi Ìmọ̀lára Sínú Olùrànlọ́wọ́ Orí Kọ̀ǹpútà Tí Àjọṣe Kò Fi Ní Bàjẹ́

Kí ẹ tó ya ojú fún olùrànlọ́wọ́ orí kọ̀ǹpútà, tàbí kí ẹ tó kọ gbólóhùn àkọ́kọ́ tí yóò sọ, ẹ kọ́kọ́ pinnu irú àjọṣe tí yóò wà láàárín òun àti òǹlò: ṣé akọ̀wé ni, àbí olùkọ́, àbí alábàáṣiṣẹ́? Inú àjọṣe yìí ni ìmọ̀lára ti ń rí ìtumọ̀, nítorí ẹ̀rín tó bójú mu nígbà ìkíni lè di ìfiniṣẹ̀sín nígbà tí iṣẹ́ ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́. Ẹ má sì rò pé òǹlò á ka ẹ̀rọ sí ẹ̀rọ lásán. Ní ọdún 1966, Joseph Weizenbaum ti ilé-ẹ̀kọ́ MIT ṣe àlàyé ELIZA fáráyé, ètò kan tó kàn ń yí gbólóhùn ènìyàn padà di ìbéèrè. Síbẹ̀, ó yà á lẹ́nu bí àwọn tó lò ó ṣe ń tú ọkàn wọn jáde fún un.

Ibi tí iṣẹ́ ti bàjẹ́ mọ́ òǹlò lọ́wọ́ ni kí ẹ fi àkókò tó pọ̀ jù sí. Ẹ wo ẹni tó fi sùúrù kún fọ́ọ̀mù gígùn kan, tí fọ́ọ̀mù náà kò sì lọ nígbà tó tẹ bọ́tìnì ìfiránṣẹ́. Bí àwòrán tó ń rẹ́rìn-ín bá yọjú tó ní, “Ó mà ṣe o, ẹ tún gbìyànjú!”, inú á túbọ̀ bí i. Ohun tó yẹ kó kà nìyí: “Fọ́ọ̀mù yín kò lọ, ọ̀dọ̀ wa ni àṣìṣe náà ti wá. Gbogbo ohun tí ẹ kọ ṣì wà níbí. Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ tẹ bọ́tìnì yìí kí a tún fi í ránṣẹ́.” Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló ṣáájú, ìfọ̀kànbalẹ̀ tẹ̀ lé e, kí ìbánikẹ́dùn tó dé. Ìbánikẹ́dùn yìí kì í ṣe àṣedànù: ní ìparí àwọn ọdún 1990, àwọn olùwádìí Jonathan Klein, Youngme Moon àti Rosalind Picard fi eré kọ̀ǹpútà tó ń há mú àwọn ènìyàn bínú, àwọn tí kọ̀ǹpútà sì bá kẹ́dùn pẹ́ nídìí eré náà lẹ́yìn náà ju àwọn tí kò dá lóhùn lọ.

Kí olùrànlọ́wọ́ máa rántí pẹ̀lú pé òǹlò ti kọ ìrànlọ́wọ́ òun. Clippy, olùrànlọ́wọ́ alàwòrán tí Microsoft fi sínú Office 97, àwọn ètò tí wọ́n fi ń kọ̀wé lórí kọ̀ǹpútà, máa ń yọjú bí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà, a lè lé e lọ léraléra kó tún padà wá bí ẹni tí kò mojú. Nígbà tí Office 2007 fi jáde, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Bí òǹlò bá ti kọ ìrànlọ́wọ́ kan, kó dákẹ́ títí a ó fi pè é.

Ẹ má fi kámẹ́rà wá bí inú òǹlò ṣe rí lójú rẹ̀, nítorí ẹni tó fajú ro lè máa ronú lásán. Bọ́tìnì tí a tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìsí èsì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé jù bẹ́ẹ̀ lọ gẹ́gẹ́ bí àmì pé inú ń bí òǹlò. Láti oṣù kejì ọdún 2025 sì ni òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ka fífi AI (ọgbọ́n àtọwọ́dá) wádìí ìmọ̀lára ènìyàn níbi iṣẹ́ àti nílé-ẹ̀kọ́ léèwọ̀, àfi nítorí ìlera tàbí ààbò.

Nígbà tí ẹ bá ń dán an wò, ẹ má jẹ́ kí olùrànlọ́wọ́ náà fẹnu ara rẹ̀ béèrè bí òun ṣe ṣe dáadáa tó. Olùwádìí Clifford Nass àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ìyìn tí àwọn ènìyàn ń fún kọ̀ǹpútà tó bá fúnra rẹ̀ bi wọ́n léèrè pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà mìíràn lọ. Orí ìwé tàbí ẹ̀rọ mìíràn ni kí ẹ gbé ìbéèrè yín sí.