Ẹ̀yin ọmọ ìgbà kásẹ́ẹ̀tì, ẹ wá Shovel Knight
Ẹ kú ilé o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbá géèmù Mario àti Contra nígbà tá a ń fẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì kó tó gbéra, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ọdún 2014 ni géèmù Shovel Knight jáde, àmọ́ bẹ́ ẹ bá gbọ́ orin ẹ̀, ẹ ó rò pé ti ìgbà yẹn ni. Ṣọ́bìrì ni akọni inú ẹ̀ fi ń jà: ẹ fò sókè, ẹ tẹ ìsàlẹ̀, á máa fi ṣọ́bìrì ta pọ́n-ún pọ́n-ún lórí ọ̀tá. Bẹ́ ẹ bá kú, díẹ̀ nínú owó yín á dúró síbi tẹ́ ẹ kú sí, ẹ lè padà lọ mú un. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo kú léra nítorí owó yẹn. Ojú kòkòrò!

Géèmù Celeste ti 2018 náà dáa, àmọ́ ó le kú. Ẹ má tijú, ẹ tan Assist Mode inú ẹ̀, ìyẹn ètò tó ń mú kó rọrùn, ẹ lè fi dín bó ṣe ń yára kù. Láptọ́ọ̀pù àlòkù tí mo rà ní Lágere n'Ífẹ̀ gbé méjèèjì láìmikàn. Ẹ sáà ra páàdì tí wọ́n fi ń gbá géèmù, kíbọọ̀dù á dá ìka yín lóró.