Ọkọ̀ Àtijọ́ Tó Ń Mu Omi: Bí A Ṣe Ń Wá Ibi Tó Ti Ń Jò àti Bí A Ṣe Ń Tún Un Ṣe

Tí ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi, ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe ni pé ká ra kẹ́ẹ̀gì lítà 25, ká pọn omi kún un, ká gbé e sẹ́yìn ìjókòó. Oṣù mẹ́rin gbáko ni èmi náà fi ṣe bẹ́ẹ̀. Mercedes 911 tí bàbá mi fi sílẹ̀, tí a fi ń kó pákó, kì í kúrò ní Òṣogbo dé Ìkìrun kó má béèrè omi. Bí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ bá ká wa mọ́ Ọláìyá, ọwọ́ gééjì tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn á ti máa wá ojú pupa lọ. Mo ra rédíétọ̀ tokunbọ̀, mo pààrọ̀ họ́ọ̀sì òkè àti ti ìsàlẹ̀, omi ṣì ń lọ. Owó yẹn wọlẹ̀ nítorí pé páàtì ni mo ń rà, n kò tíì rí ojú ibi tí omi ń gbà jáde. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa pẹ́ lórí wíwá a nínú ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí.

Ẹ jẹ́ kó tutù ná

Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Ìdérí yẹn ń tẹ omi inú ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀ ni. Ẹ wo orí rẹ̀, ẹ óò rí nọ́ńbà bíi 0.9 (ní báà) tàbí 13 (ní psi), ìyẹn ni agbára tó fi ń tẹ̀ ẹ́. Omi lásán tó ń hó ní 100°C nínú ìkòkò kò ní hó lábẹ́ ìdérí 0.9 títí yóò fi gbóná tó nǹkan bíi 118°C. Ẹni tó bá tú u lójijì, gbogbo omi náà á hó lẹ́ẹ̀kan, á sì tú sí i lójú àti láyà. Ẹ dúró tó wákàtí kan. Ẹ fi ìka tẹ họ́ọ̀sì òkè: tó bá rọ̀, tí kò sì jóni lọ́wọ́, ẹ fi àkísà nípọn bo ìdérí náà, ẹ yí i díẹ̀díẹ̀.

Ẹ má sì da omi tútù sínú ẹ́ńjìnnì tó gbóná janjan. Irin tó gbóná, tí òtútù bá kàn án lójijì, lè là.

Ẹ wọn omi tó ń lọ

Láàárọ̀, kí ẹ tó jáde, ẹ kún rédíétọ̀ dé ibi tó yẹ. Ẹ lọ sí ibi tí ẹ ń lọ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá tutù, ẹ fi ike omi tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀ dá omi padà, kí ẹ ka iye tó gbà. Lítà kan lọ́sẹ̀ kan yàtọ̀ pátápátá sí lítà mẹ́ta láàárín Òṣogbo sí Ìkìrun. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí òun lẹ máa fi mọ̀ bóyá àtúnṣe yín ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ fọ ẹ́ńjìnnì. Eruku pupa àti ọ́ìlì tó ti dì mọ́ra ló ń bo ojú ibi tó ń jò. Ẹ fi ọ̀rá bo jẹnẹrétọ̀ tó ń fún bátìrì níná àti àwọn wáyà, ẹ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ìyókù, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ibi tí omi ti ń sun tipẹ́ máa ń ní èérí funfun bí iyọ̀, tàbí àwọ̀ kúláǹtì, bíi àwọ̀ ewé, tó bá jẹ́ pé kúláǹtì (omi olóògùn tí wọ́n ń tà fún rédíétọ̀) lẹ ń lò.

Páálí ní alẹ́, tọ́ọ̀ṣì nígbà tó bá gbóná

Ẹ tú páálí ńlá méjì, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì mọ́jú, kí ẹ fi báírò sàmì sí ibi tó kọjú sí iwájú ọkọ̀. Bí omi bá kán síwájú gan-an, rédíétọ̀ tàbí họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bó bá kán sẹ́yìn fáànù, ẹ wo wọ́tà-pọ́ǹpù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti omi yí ká inú ẹ́ńjìnnì. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́, ẹ wo ara búlọ́ọ̀kù, ìyẹn odindi irin ńlá tó jẹ́ ara ẹ́ńjìnnì. Bí ọkọ̀ yín bá ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ooru sínú, ẹ fọwọ́ kan ilẹ̀ ọkọ̀ níbi ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó síwájú. Kò sẹ́ni tó ń tan ooru nínú ọkọ̀ ní Òṣogbo, a sì máa ń gbàgbé pé omi ń kọjá níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n páálí tèmi gbẹ ní gbogbo àárọ̀ tí mo wò ó. Bàbá àgbà kan tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní ọ̀nà Ìlobù ló bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé o ti wò ó nígbà tó bá gbóná?" Ó ní kí n ṣáná sí i, kí n jẹ́ kó gbóná dáadáa, kí n dúró di ìrọ̀lẹ́ kí ilẹ̀ ṣú díẹ̀, kí n wá tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì. Ibẹ̀ ni mo ti rí i: ooru fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ń rú níbi tí páìpù èéfín ti jáde lára ẹ́ńjìnnì. Omi ń sun lára ọ̀kan nínú àwọn irin pélébé roboto tí wọ́n fi dí ihò ara búlọ́ọ̀kù, ó ń kán sórí páìpù gbígbóná, ó sì ń gbẹ kó tó dé ilẹ̀. Irin yẹn ti dípẹtà, ojú ihò rẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Irú jíjò báyìí lè má hàn lára páálí rárá.

Bí ẹ bá ń wò ó báyìí, ẹ ká apá aṣọ yín sókè, ẹ má jẹ́ kí ìborùn tàbí okùn kankan sún mọ́ fáànù. Bí ojú kò bá rí i, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ bu pọ́ńdà funfun díẹ̀ sí ibi tí ẹ fura sí, kí ẹ tún ṣáná sí i. Omi á fa ilà sínú pọ́ńdà. Ẹ tọ ilà náà lọ sókè, nítorí ibi tí omi ti kán kọ́ ni ibi tó ti jáde.

Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan ní pọ́ǹpù ọwọ́ tó ní gééjì, tí wọ́n ń fi rọ́pò ìdérí rédíétọ̀. Ẹ fẹ́ ẹ dé nọ́ńbà tó wà lára ìdérí yín, ẹ má kọjá rẹ̀. Bí gééjì bá dúró fún ìṣẹ́jú 15, kò jò síta. Bó bá ń já wálẹ̀, ẹ wá a yí ká. Bó bá ń já tí gbogbo ara ẹ́ńjìnnì sì gbẹ, inú ló ń lọ.

Bó bá jẹ́ inú

Ẹ fa ọ̀pá tí a fi ń wo ọ́ìlì jáde. Bí ọ́ìlì bá ti di bíi tíì onímílíìkì, omi ti wọ inú rẹ̀, ẹ má wa ọkọ̀ náà mọ́. Àmì kejì: nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ tú bẹ́líìtì tó ń yí wọ́tà-pọ́ǹpù, ẹ kún rédíétọ̀ dé ẹnu, ẹ ṣáná sí i fún ìṣẹ́jú kan péré. Bí omi bá ń hó kùlùkùlù láìtíì gbóná, afẹ́fẹ́ inú sílíńdà ń gba ojú gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti búlọ́ọ̀kù wọ inú omi. Ẹ má fi èéfín funfun nìkan dájọ́, nítorí ẹ́ńjìnnì díísù tó ti gbó máa ń tú u láàárọ̀ bí kò bá tíì gbóná.

Èyí ni iṣẹ́ tí mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó fúnra rẹ̀ ṣe bí kò bá kọ́ ọ. Kí ẹni tó máa ṣe é wo bóyá orí ẹ́ńjìnnì ṣì tẹ́jú, kó lo gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, kó sì ní sípánà tó ń wọn agbára. Àárín ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í de àwọn bóòtù lọ sí ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan.

Àtúnṣe àwọn tó kù

Họ́ọ̀sì rọrùn jù. Ẹ fi ọ̀bẹ la èyí tó ti gbó kúrò, ẹ má fà á tipátipá, ẹnu rédíétọ̀ lè kán. Kílíìpù ni kí ẹ fi dè é, kì í ṣe wáyà, torí wáyà ń gé rọ́bà.

Wọ́tà-pọ́ǹpù ní ihò kékeré kan nísàlẹ̀ ara rẹ̀. Bí omi bá ń kán níbẹ̀, síìlì inú rẹ̀ tó ń dí omi ti parí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó fi gọ́ọ̀mù dí ihò yẹn. Omi tí kò rí ọ̀nà jáde mọ́ wọ inú bẹ́rìn tó gbé ọ̀pá pọ́ǹpù dúró, bẹ́rìn já, fáànù sì ya rédíétọ̀.

Rédíétọ̀ àtijọ́ tó jẹ́ bàbà àti idẹ ṣeé fi òjé jó. Èyí tó jẹ́ alumíníọ́mù tí orí rẹ̀ jẹ́ ike, tí ike náà bá ti là, ẹ ra òmíràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da ẹyin tàbí ata gígún sínú rẹ̀. Ó lè dí ojú ibi tó ń jò lóòótọ́, ṣùgbọ́n á dí àwọn ọ̀nà tín-ín-rín tí omi ń gbà tutù pẹ̀lú. Bí rọ́bà inú ìdérí bá ti sán, ìdérí tuntun tó ní nọ́ńbà kan náà ni kí ẹ rà.

Ní ti irin pélébé tèmi: ẹ kọ́kọ́ fa omi jáde sínú báàfù. Kúláǹtì dùn lẹ́nu, májèlé sì ni. Ewúrẹ́, ajá tàbí ọmọdé tó bá mu ún lè kú, nítorí náà ẹ má dà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ fi òòlù àti irin gbá ẹ̀gbẹ́ kan ògbólógbòó náà kó yí dání, ẹ fi púláyà fà á jáde, ẹ má jẹ́ kó já sínú. Ẹ fi sáńpépà fọ ojú ihò kó dán, ẹ pa gọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i. Kí tuntun náà bá ihò mu gẹ́lẹ́. Ẹ fi orí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ṣe wẹ́kú sínú rẹ̀ gbá a wọlé ní tààrà. Bó bá wọ́, ẹ yọ ọ́, ẹ tún un ṣe.

Dídá omi padà

Omi kànga tó ń fi èérí funfun sí ìdí kẹ́tù yín á ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì náà. Omi òjò tó mọ́, tàbí omi bátìrì tí kò ní ásíìdì, ló dára jù. Ẹ pò ó mọ́ kúláǹtì ní ìdajì-ìdajì. Òtútù kì í mú kí omi dì nílùú wa, àmọ́ kúláǹtì kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, kì í sì jẹ́ kí omi tètè hó. Ẹ má da oríṣi kúláǹtì méjì pọ̀, àwọn mìíràn máa ń dì bí ògì tí wọ́n bá pàdé.

Ẹ fi ìdérí sílẹ̀ ní ṣíṣí, ẹ dà á díẹ̀díẹ̀, ẹ ṣáná sí i, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Nígbà tí họ́ọ̀sì òkè bá gbóná, omi á lọ sílẹ̀ lójijì nítorí afẹ́fẹ́ inú ti jáde. Ẹ dá kúláǹtì tí ẹ ti pò sí i, ẹ dé e. Lọ́jọ́ kejì, kó tó gbóná, ẹ tún wo omi, kí ẹ tún àwọn kílíìpù tuntun de. Ẹ tún tẹ́ páálí fún alẹ́ mẹ́ta, ẹ sì tún tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì nírọ̀lẹ́. Ọkọ̀ wa lọ sí Ìkìrun ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó padà, omi tó gbà kò kún ife kan.