Nígbà Tí Ọ́ìlì Ń Pọ̀ Sí I Fúnra Rẹ̀ Nínú Ẹ̀rọ Tí A Fi Ń Gé Koríko

Èéfín funfun ló ń yọ lẹ́nu sáílẹ́ńsà ẹ̀rọ náà, ó nípọn bí ìgbà tí èèyàn dáná sí igi tútù. Bí èéfín bá funfun tàbí tó ní búlúù díẹ̀ nínú, ọ́ìlì ló sábà máa ń jóná. Bó bá dúdú, epo bẹntiróòlù ló pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Torí náà, géèjì ọ́ìlì, ìyẹn ọ̀pá tí a fi ń wo bí ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó, ni mo kọ́kọ́ lọ bá.

Mo yọ wáyà orí púlọ́ọ̀gì ná, torí bí ẹ́ńjìnnì bá ṣèèṣì yí, abẹ tó wà nísàlẹ̀ kì í mọ ìka yàtọ̀ sí koríko. Mo gbé e síbi tó tẹ́jú fún ìṣẹ́jú 10 kí ọ́ìlì ráyè sọ̀ kalẹ̀, mo wá yọ géèjì, mo nù ún, mo dá a padà. Ibí yìí lọ̀pọ̀ ti ń kà á ṣì. Ẹ gbọ́dọ̀ yí géèjì àwọn ẹ́ńjìnnì kan wọlé tán kí ẹ tó kà á. Ti àwọn mìíràn, ẹ óò kàn gbé e lé ẹnu ihò ni. Ẹ wo ìwé tó bá ẹ̀rọ wá, ẹ má méfò.

Ọ́ìlì ti kọjá àmì òkè dáadáa, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó bu òmíràn sí i. Mo gbé géèjì sún mọ́ imú: òórùn bẹntiróòlù. Mo fi ìka méjì ra á: kò fà, ó ṣàn bí omi. Ká ní ó funfun bíi mílíìkì ni, omi ni ǹ bá sọ pé ó wọ̀ ọ́.

Kábúrétọ̀, ibi tí bẹntiróòlù àti afẹ́fẹ́ ti ń dà pọ̀, ló fà á. Ohun kan ń léfòó nínú àwo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí epo bá ti kún tó, á ti abẹ́rẹ́ kékeré kan sókè láti dí ọ̀nà epo. Bí ìdọ̀tí bá há síbẹ̀, tàbí tí ẹnu abẹ́rẹ́ bá jẹ, epo kò ní dáwọ́ dúró. Á kún wọ ọ̀nà afẹ́fẹ́, á gba ojú fáàfù wọ sìlíńdà, á sì gba ẹ̀gbẹ́ ríìnì píísìtìnì jò sínú ọ́ìlì. Ẹ̀rọ tí táǹkì rẹ̀ ga ju kábúrétọ̀ lọ lèyí máa ń ṣe jù. Ẹni tó bá kàn dín ọ́ìlì náà kù kó lè bá àmì mu, ọ́ìlì tó ń ṣàn bí omi ló fi sílẹ̀ níbẹ̀, irin á sì máa ha irin.

Mo fa epo táǹkì tán, mo tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo tó di àwo náà mú. Ilà ti yí ẹnu abẹ́rẹ́ ká bí òrùka. Fífọ̀ kò lè tún ìyẹn ṣe, mo pààrọ̀ òun àti rọ́bà àwo. Mo wá fi ìka gbé ohun tó ń léfòó náà sókè, mo fẹ́ atẹ́gùn sínú rọ́bà epo. Kò kọjá.

Ó wá ku ọ́ìlì. Bó bá jẹ́ ẹnu ihò géèjì lẹ fẹ́ gbà dà á, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ fílítà afẹ́fẹ́ kọjú sókè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì á rin fílítà gbingbin. Ẹ má sì gbé àdàpọ̀ tó jáde sún mọ́ iná. Ẹ́ńjìnnì yìí ń gba nǹkan bí 600 mílílítà. Èyí tó jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 800. Mo da ọ́ìlì tuntun tí wọ́n kọ SAE 30 (bó ṣe ki tó) sí lára sí i, 450 lákọ̀ọ́kọ́, mo wá ń bù ú díẹ̀díẹ̀, mò ń wo géèjì, títí ó fi kù díẹ̀ kó dé àmì òkè. Níbi tí òtútù bá ti mú, ọ́ìlì 10W-30, tó ń ṣàn dáadáa nínú òtútù, ló dáa jù. Fílítà oníbébà tí ọ́ìlì ti rin kò ṣeé fọ̀. Mo pààrọ̀ rẹ̀. Ti fóòmù, ọṣẹ àti omi ni, kó sì gbẹ dáadáa.

Nígbà tí mo tan án, ó ṣì tú èéfín fún bí ìṣẹ́jú 5, ọ́ìlì tó ti wọ sáílẹ́ńsà ló ń jó tán. Bí tiyín kò bá dáwọ́ dúró, tí ọ́ìlì sì wà níwọ̀n, ríìnì píísìtìnì tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ yẹ̀ wò. Mo fi epo kún táǹkì, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì láìti ọ̀nà epo pa, kí n lè mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ tuntun náà ń dí i. Ibi tí ọ́ìlì wà lórí géèjì lálẹ́, ibẹ̀ náà ni mo bá a láàárọ̀.