Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ tó kú ṣiṣẹ́, ọpọlọ ló ń kọ́ṣẹ́

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Nígbà tí rọpárọsẹ̀ mú ìyá mi ní Ìsánlú, ọwọ́ ọ̀tún ló kú, a wá ń fi àdí ra á láràárọ̀ àfi bí ẹni pé ọwọ́ ló ń ṣàìsàn, ká tó gbọ́ lẹ́nu físíò, olùtọ́jú tó ń kọ́ni láti tún máa lo ara, pé apá òsì ọpọlọ ló bàjẹ́, òun ló ń rán ọwọ́ ọ̀tún níṣẹ́.

Apá méjèèjì ọpọlọ máa ń bára wọn sọ̀rọ̀ tá a bá fẹ́ mú nǹkan. Rọpárọsẹ̀ á da ọ̀rọ̀ yẹn rú, nígbà míì èyí tó yè á tún máa tẹ ìkejì mọ́lẹ̀. Tọ́wọ́ bá ń ṣiṣẹ́ léraléra, ọ̀rọ̀ àárín wọn lè padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán inú ọpọlọ máa ń fi hàn. Lọ́dún 1996 Randolph Nudo, onímọ̀ nípa ọpọlọ, fi ọ̀bọ tí ọpọlọ ẹ̀ bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ wò ó: èyí tí wọ́n ní kó máa fi ọwọ́ tó rọ mú oúnjẹ, àyè ọwọ́ nínú ọpọlọ ẹ̀ ò dínkù mọ́.

Ó yá, ẹ da àgbàdo sínú tírè, kí aláìsàn máa fi ọwọ́ tó rọ ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan sínú igbá. Ogún ìgbà ò tó o, ẹ jẹ́ kó di ọgọ́rùn-ún àtijù bẹ́ẹ̀ lọ, kó máa sinmi láàárín. Tó bá ti lè gbé ọrùn ọwọ́ àti ìka díẹ̀, ẹ bi físíò bóyá ẹ lè fi ìbọ̀wọ́ tó nípọn de ọwọ́ tó dáa, kí èyí tó rọ lè máa ṣiṣẹ́, ọgbọ́n Edward Taub, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, nìyẹn, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n sábà máa ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ tú u tó bá fẹ́ rìn tàbí sún mọ́ iná, ìyá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná torí a gbàgbé.

Tí ọwọ́ ò bá mira rárá, ẹ gbé dígí sáàárín ọwọ́ méjèèjì, kí ojú dígí kọ sí èyí tó dáa, kó máa wo àwòrán ẹ̀ nínú dígí bó ṣe ń ṣí tó ń pa, bíi pé èyí tó kú ló ń ṣe é.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fa apá yẹn gbé e dìde, èjìká lè yẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ò sì gbọdọ̀ dáwọ́ dúró. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló máa ń yá jù, àmọ́ lẹ́yìn ẹ̀ náà ẹ má jáwọ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni màmá kọ́kọ́ mú àgbàdo mẹ́rin dénú igbá. Ìkarùn-ún bọ́ sílẹ̀, ó bú u bí ẹni ń bú ewúrẹ́.