Ògbólógbòó Ṣéènsọ́ọ̀: Ẹ Wá Ohun Tó Pa Á Kí Ẹ Tó Ra Písítìn

Ẹni tó bá rìn dáadáa ní ọjà pákó Dei-Dei l'Ábùjá tàbí ní Panteka ní Kàdúná á rí ògbólógbòó ẹ̀rọ agégi tí wọ́n jù sábẹ́ tábìlì, tí eruku ti bò. Bí ó bá jẹ́ Stihl 070 ti Jámánì, ẹ má wò ó bí àlòkù irin. Ẹ́ńjìnnì 106 cc ni, irin rẹ̀ nípọn, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì ṣì ń bọ̀ sọ́jà, ojúlówó àti ti Ṣáínà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé ẹni tó rà á á sáré ra písítìn àti ríǹgì tuntun. Ẹ̀rọ náà á dún, á gégi díẹ̀, á tún gan. Písítìn kì í ṣàdédé kú. Nǹkan ló pa á, bí ẹ kò bá sì wá nǹkan ọ̀hún kàn, yóò pa èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà náà.

Ẹ má tíì fa okùn rẹ̀. Ẹ yọ plọ́ọ̀gì, ẹ ro ọ́ìlì 2T (ọ́ìlì tí wọ́n ń pò mọ́ bẹntiróòlù) ṣíbí kékeré kan sí ojú ihò rẹ̀. Bí ó bá ti gan, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ẹ tú sàlẹ́ńsà, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo písítìn láti ojú ihò èéfín. Ẹ rọra yí fláìwíìlì lọ́wọ́ kí ẹ lè rí gbogbo ara rẹ̀, kí ẹ sì yọ kábúrétọ̀ kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Àpá ara písítìn ló máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ìlà bá wà ní ìhà èéfín nìkan, tí ìhà kábúrétọ̀ ṣì ń dán, epo kò tó ẹ́ńjìnnì: bóyá ó ń fa afẹ́fẹ́ gba ibòmíràn, bóyá kábúrétọ̀ ti dí. Bí ìlà bá yí i ká, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti bu bẹntiróòlù sí i láìpo ọ́ìlì mọ́ ọn. Bí ìhà kábúrétọ̀ bá ṣú, tí ó dà bí ohun tí wọ́n fi sáńpépà ha, eruku ló gba fílítà wọlé. Ìgbà ọyẹ́ lọ́dọ̀ wa níhìn-ín kò ṣàánú fílítà tó ti ya. Bí orí písítìn bá ní àmì tótòtó bí ẹni fi ìṣó gún un, irin kan ti já sínú, ó lè jẹ́ kéèjì bẹ́áríǹgì, ìyẹn irin tó ń di ọmọ bẹ́áríǹgì mú. Irú èyí kò ní ọ̀nà àbùjá: ẹ ní láti tú ẹ́ńjìnnì náà tán pátápátá.

Bí ara písítìn bá mọ́, ẹ wọn agbára ìfúnpọ̀ rẹ̀. Ẹ so géèjì mọ́ ihò plọ́ọ̀gì, ẹ tẹ trọ́tù mọ́lẹ̀ dópin, ẹ fa okùn bí ẹ̀ẹ̀mẹfà. Bí kò bá dé 90 psi, á máa ṣòro láti dún, pàápàá bó bá ti gbóná. Ẹni tí kò ní géèjì lè dá plọ́ọ̀gì padà, kó fi ọwọ́ okùn gbé ẹ̀rọ náà sókè: èyí tó lágbára á rọra sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, èyí tí ríǹgì rẹ̀ ti jẹ á já wálẹ̀ wìì.

Yíyẹ iná plọ́ọ̀gì wò kò gba àkókò púpọ̀. Àlàfo plọ́ọ̀gì jẹ́ 0.5 mm. Àlàfo kọ́ìlì sí mágínẹ́ẹ̀tì fláìwíìlì jẹ́ nǹkan bí 0.3 mm; káàdì tín-ín-rín tí àwọn oníṣòwò fi ń pín nọ́ńbà wọn ṣeé fi wọ̀n ọ́n. Àwọn 070 àtijọ́ ní contact point (irin kékeré méjì tó ń pàdé, tó ń ṣí, láti dá iná) lábẹ́ fláìwíìlì: ẹ fi fáìlì tín-ín-rín nu ojú rẹ̀, kí ẹ ṣètò àlàfo rẹ̀ sí bíi 0.4 mm. Ẹ má fi òòlù lu abẹ́ fláìwíìlì o. Púlà ni kí ẹ fi yọ ọ́, kí ẹ sì wo kíì kékeré tó wà lára ṣáàfù. Bó bá ti gé díẹ̀, iná á máa bọ́ sí àsìkò tí kò yẹ, okùn á sì máa já ẹni lọ́wọ́ gbà.

Ibi tó yẹ kí ẹ lo ọjọ́ kan gbáko sí nìyí: wíwá ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ẹ́ńjìnnì 2T máa ń fa epo àti afẹ́fẹ́ gba inú ikùn rẹ̀ níbi tí ṣáàfù wà. Bí ọ́ìlì sìlì, ìyẹn rọ́bà róbótó tó dí ẹ̀gbẹ́ ṣáàfù, bá ti gbẹ, tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì ìdí sílíńdà ti ya, afẹ́fẹ́ tí kò bá epo rìn á wọlé, ọ́ìlì á dínkù, ooru á pọ̀, písítìn á gan. Ẹ gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́, ẹ fi ọ̀kan dí ẹ̀yìn sàlẹ́ńsà, ẹ fi èkejì dí ẹ̀yìn kábúrétọ̀ pẹ̀lú ihò kékeré tó ń gbé ìmí ẹ́ńjìnnì lọ bá a, kí ẹ sì fún bóòtù wọn padà. Ẹ gba plọ́ọ̀gì àlòkù, ẹ fọ́ tánganran inú rẹ̀ dànù, kí wẹ́dà jó fáàfù táyà mọ́ ọn. Ẹ yí písítìn wá sí ìsàlẹ̀ pátápátá kí ihò ara sílíńdà lè ṣí sínú ikùn ẹ́ńjìnnì, lẹ́yìn náà ẹ fi pọ́ǹbù ọlọ́wọ́ fẹ́ ẹ dé 0.5 bar, nǹkan bí 7 psi. Ẹ má gbé e lọ bá fọkanáísà rárá. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á ti ọ́ìlì sìlì jáde. Ẹ fi omi ọṣẹ kun ẹ̀gbẹ́ ṣáàfù méjèèjì, ìdí sílíńdà àti ojú ibi tí ikùn ẹ́ńjìnnì ti pàdé. Ibi tó bá ń hó, ibẹ̀ ni. Sìlì mìíràn wà tó máa ń di afẹ́fẹ́ tó ń jáde mú ṣùgbọ́n tí kò ní dí èyí tó ń wọlé, nítorí náà, bí ẹ bá lè yá pọ́ǹbù tó ń fa afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe bíréèkì mọ́tò, ẹ yọ ọmọ inú fáàfù náà, kí ẹ fà á dé 0.5 bar pẹ̀lú.

Nígbà tí ẹ bá ń yọ sìlì, ẹ má jẹ́ kí sukurudáfà ha ṣáàfù. Ẹ fi gírísì pa ètè tuntun náà, kí ètè yẹn kọjú sínú, kí ẹ fi páìpù tó bá a mu rọra gbá a wọlé déédéé.

Bí àlùmíníọ́ọ̀mù písítìn bá ti lẹ̀ mọ́ ara sílíńdà, ẹ má tíì sọ ọ́ nù. Ẹ fi òwú rọra ta ásíìdì muriatic sórí àlẹ̀mọ́ náà nìkan; á hó, bó bá dẹ́kun híhó, ẹ nù ún, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti awò ojú. Ásíìdì náà kò gbọdọ̀ kan etí àwọn ihò sílíńdà, kò sì gbọdọ̀ kan ikùn ẹ́ńjìnnì, nítorí ó máa jẹ magnesium. Bí èékánná yín bá kọ́ ibi tí króòmù ti ṣí, ẹ ra sílíńdà tuntun.

Ẹ fi ríǹgì nìkan sínú sílíńdà, ẹ fi orí písítìn tì í kó jókòó déédéé, ẹ wọn àlàfo ẹnu rẹ̀. Bó bá ti ń sún mọ́ 1 mm, ó ti jẹ. Ọfà orí písítìn gbọdọ̀ kọjú sí ìhà èéfín. Ẹ fi aṣọ dí ẹnu ikùn ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó fi sákílíìpù (wáyà kékeré tó ń di pínnì písítìn mú), nítorí èyí tó bá já bọ́ síbẹ̀ á mú yín tú gbogbo rẹ̀ padà. Sákílíìpù tuntun ni kí ẹ lò, kí ẹnu rẹ̀ sì kọjú sókè tàbí sísàlẹ̀, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́.

Kábúrétọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀, awọ inú rẹ̀ á ti le bí ìwé. Ẹ ra kíìtì rẹ̀. Ẹ fi fóònù ya bí awọ àti gásíkẹ́ẹ̀tì ṣe tò léra kí ẹ tó tú wọn. Bẹntiróòlù àti afẹ́fẹ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Wáyà tí ẹ bá kì bọ ihò rẹ̀ á gbòòrò ihò náà, kò sì ní gbọ́ àtúnṣe mọ́. Ẹ dé sukurú L (ti epo ìgbà tó ń mí jẹ́jẹ́) àti H (ti epo ìgbà tó ń sáré) jẹ́jẹ́ títí wọ́n á fi jókòó, kí ẹ tú ọ̀kọ̀ọ̀kan padà ní ìyípo kan. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tán, ẹ wá tún wọn ṣe. Bí ẹ bá tẹ trọ́tù dópin láì gégi, kí ohùn rẹ̀ ṣì máa gbọ̀n díẹ̀; bó bá wọ igi, kó mọ́. Ohùn tó ń han gooro láì gégi ti fẹ́ jó písítìn.

Ní ti epo, bí ó bá jẹ́ ọ́ìlì 2T lásán ni ẹ rí rà, 40 ml sí lítà kan bẹntiróòlù, 200 ml sí lítà 5. Ọ́ìlì mọ́tò kò ṣe é fi pò ó. Èyí tó bá ti ju oṣù kan lọ nínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ wá ibòmíràn lò ó.

Ṣéènì rẹ̀ jẹ́ .404 ínṣì, fáìlì róbótó 5.5 mm ló bá a mu. Igi dóńgóyárò àti igi apá máa ń pa ojú ṣéènì kíákíá. Bó bá ń yọ eruku lúbúlúbú dípò ìfọ́ igi tó nípọn, ẹ dá iṣẹ́ dúró, ẹ pọ́n ọn. 070 àtijọ́ kò ní bíréèkì ṣéènì, nítorí náà ṣéènì kò gbọdọ̀ máa yí nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń mí jẹ́jẹ́, ẹ má sì fi ṣóńṣó báà (irin gígùn tí ṣéènì ń yí lé lórí) kan igi rárá.

Táńkì mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ dópin láì gégi. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, ẹ tún tú sàlẹ́ńsà, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo písítìn. Bí ìlà tuntun bá ti yọ ní ìhà èéfín, afẹ́fẹ́ ṣì ń wọlé níbì kan; ẹ gbé omi ọṣẹ padà wá.