Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ bí a bá ń to ojú ìwọlé analog àti digital lórí kọ̀ntórólà ohùn

Pé wáyà wọ ihò kò sọ pé ohun tó ń gba inú rẹ̀ bọ̀ bá ihò náà mu. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ kọ̀ntórólà tó ń darí sípíkà nínú sítúdíò tàbí míkísà digital ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́, wọ́n á pààrọ̀ kébù, wọ́n á pe oníṣẹ́, bẹ́ẹ̀ bọ́tìnnì kan péré lójú ìwọlé ni kò sí níbi tó yẹ. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń bọ̀: ṣé máíkì ni, ṣé line ni (ohùn tó ti lágbára láti inú ẹ̀rọ mìíràn), ṣé digital ni? Bó bá jẹ́ digital, irú èwo?

Àṣìṣe tó ń dá wàhálà sílẹ̀ jù ni kí wọ́n fi wáyà jack olórùka kan ṣoṣo gbé orin láti ihò ẹ̀rọ-ìgbọ́hùn-sétí kọ̀ǹpútà lọ sínú ojú ìwọlé balanced. Jack náà ní orí, òrùka àti ìdí. Kọ̀ǹpútà ń gbé ohùn òsì sórí, ó ń gbé tọ̀tún sí òrùka. Ṣùgbọ́n ojú ìwọlé balanced gbà pé ohùn kan náà ló wà lórí méjèèjì, pé wọ́n kàn dorí tòrùka kodò ni. Nítorí náà ó máa ń yọ èkejì kúrò nínú èkíní. Ohunkóhun tó bá dọ́gba lósì àti lọ́tún á pòórá: ohùn akọrin, gìtá beesi, ìlù ńlá. Ohun tó kù ni ìró tó ń dún padà àti ohun èlò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni pé akọrin ń kọrin nínú kànga. Kò sí bí ẹ ṣe lè fi EQ (bọ́tìnnì beesi àti treble) tún un ṣe. Ẹ lo wáyà tó pín sí méjì, 3.5 mm lápá kan, jack 6.35 mm aláìlórùka méjì lápá kejì, kí ẹ tì wọ́n sí chánẹ́ẹ̀lì méjì, ọ̀kan sósì pátápátá, èkejì sọ́tùn-ún. DI box stereo (àpótí tó ń sọ ohùn kọ̀ǹpútà di balanced) tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó ń gé ariwo hùùù tí iná mànàmáná ń dá sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni bọ́tìnnì +4 àti −10, tó ń sọ bí ohùn tó ń wọlé ṣe lágbára tó. Ẹ̀rọ oníṣẹ́ ń ṣiṣẹ́ ní +4 dBu, ìyẹn nǹkan bíi 1.23 fólìtì, ẹ̀rọ ilé ń ṣiṣẹ́ ní −10 dBV, nǹkan bíi 0.32. Ìyàtọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 12 dB. Bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ ilé sí ojú ìwọlé tó wà ní +4, ohùn á kéré, ẹ ó máa ṣí i sókè, ariwo ṣìì á sì bá a gòkè. Bí ẹ bá ṣe é lódì, ohùn á ya. Nínú sítúdíò ewu mìíràn wà: bí ohùn ojú ìwọlé kan bá fi 1 dB péré ju èkejì lọ, etí á máa pè é ní èyí tó dára jù. Ẹ rán ohùn 1 kHz ní −20 dBFS (ìwọ̀n ohùn digital, tí 0 jẹ́ òkè pátápátá rẹ̀) gba ojú ìwọlé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi trim (bọ́tìnnì tó ń tún ìwọ̀n ohùn ojú ìwọlé ṣe) mú wọn dọ́gba, kí ẹ tó gbà pé ẹ̀ ń fi wọ́n wé ara wọn.

Ẹ má ṣe lé 0 dBFS kiri. Kò sí ohun tó wà lókè rẹ̀. Ohùn tó bá kọjá ibẹ̀ ti ya nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ohùn máa rìn ní nǹkan bíi −18, kí òkè rẹ̀ má kọjá −6. Gain (bọ́tìnnì agbára ohùn lójú ìwọlé) ni ẹ ó fi ṣe é, torí òun ló wà ṣáájú ibi tí ohùn ti ń di digital. Ohùn tó ti ya níbẹ̀, fader (ọ̀pá tí à ń fà sókè sódò) kò lè tún un ṣe, ó kàn máa rọ̀ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú yíya rẹ̀ ni.

Tí ẹ bá fẹ́ tan iná 48 fólìtì fún máíkì condenser (irú èyí tó nílò iná), ẹ kọ́kọ́ pa ohùn chánẹ́ẹ̀lì náà. Ẹ má sì rán iná náà gba patchbay onijack (pátákó ihò tí a fi ń so wáyà pọ̀), torí bí jack ṣe ń wọlé ló máa ń so ojú iná pọ̀, èyí sì lè ba máíkì ribbon (irú máíkì ẹlẹgẹ́ kan) jẹ́.

Ní ti digital, ihò optical (tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ohùn) kan náà ni ADAT àti S/PDIF, ọ̀nà méjì tí a ń gbà gbé ohùn digital, ń lò. ADAT ń gbé chánẹ́ẹ̀lì 8 ní 48 kHz, tàbí 4 ní 96 kHz. S/PDIF ń gbé 2. Bí ẹ bá yan èyí tí kò tọ́, ẹ lè má gbọ́ nǹkan, tàbí kí ariwo ńlá bú jáde, nítorí náà ẹ rẹ sípíkà sílẹ̀ kí ẹ tó yí i padà. Wáyà máíkì lè gbé AES (ọ̀nà digital oníwáyà ti àwọn oníṣẹ́) fún mítà méjì mẹ́ta, ṣùgbọ́n bó bá gùn, ó máa ń kùnà. Wáyà 110 ohm ni AES ń fẹ́, 75 ohm ni S/PDIF oníwáyà ń fẹ́.

Clock, ìyẹn aago inú ẹ̀rọ tó ń ṣètò ìgbà tó ń ka ohùn, ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú jù níbí. Ní 48 kHz, ẹ̀rọ ń ka ohùn nígbà 48,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ̀rọ méjì tí kálukú ń ka tirẹ̀ kì í dọ́gba láéláé, ẹ ó sì máa gbọ́ “tá” lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n sábà máa ń pè ní wáyà tó já. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni kó wà ní internal (kó máa lo clock tirẹ̀). Kí ìyókù máa tẹ̀lé e, bóyá láti inú ohùn digital fúnra rẹ̀ tàbí wáyà word clock (tó ń gbé clock nìkan). Bí ẹ̀rọ kan, bíi ẹ̀rọ CD, kò bá lè tẹ̀lé, ẹ tan sample rate converter (tó ń yí iye kíkà ohùn padà) ojú ìwọlé rẹ̀, bó bá ní in. Ẹ sì wo iye rẹ̀ dáadáa: bí iṣẹ́ yín bá wà ní 48, tí clock tó ń wọlé jẹ́ 44.1, ohun tí ẹ gbà sílẹ̀ á yára ní nǹkan bíi 9% nígbà tí ẹ bá fi 48 gidi lù ú, ohùn á sì ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Bí iná bá lọ tó sì padà dé, kọ̀ntórólà lè jí ṣáájú ẹ̀rọ tó ń fún un ní clock. Àwọn kan á wá padà sí internal láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wo iná lock (tó ń fi hàn pé ẹ̀rọ ti ń tẹ̀lé clock) kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn sílẹ̀.